Lẹ́tà ṣíṣí sí Reiss Nelson: góòlù ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn ò ṣòfò

Reiss, àbúrò mi,

Mo kí ẹ o. O ò mọ̀ mí rárá, Ìbàdàn ni mo wà, ní Àpátá, iṣẹ́ alumíníọ́mù ni mò ń ṣe, wíńdò àti ilẹ̀kùn onígíláàsì. Àbúrò ni mo pè ẹ́ torí mo fi ọdún tó pọ̀ dáadáa jù ẹ́ lọ: ọdún 1999 tí wọ́n bí ẹ yẹn náà ni Kanu Nwankwo dé Arsenal, èmi ti ń wo bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà yẹn, October ọdún náà ló gbá mẹ́ta wọlé Chelsea nílé wọn, nínú òjò, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi méjì sí òdo ṣíwájú wa. Ọjọ́ yẹn ni Arsenal wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi, kò sì tíì jáde. December tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí ẹ sí London. Torí náà tó o bá rí i pé mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n, má bínú, bó ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọkùnrin kan wá kó wíńdò ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ Man City ni, a ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bọ̀ ni mo bá dárúkọ ẹ, mo ní góòlù tí Reiss Nelson gbá wọlé Bournemouth fún Arsenal ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo góòlù tí mo fojú rí. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, góòlù yẹn, kí lẹ wá fi ṣe? Ṣé ẹ gba ife ọdún yẹn ni?" Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí nǹkan kan fọ̀. Mo gba owó mi, a bá a kó wíńdò sínú Marwa, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi, mo gbé e délé, mo gbé e sùn, ìgbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ ó ti yé mi pé mo ní èsì, àfi pé èsì náà gùn ju ohun téèyàn lè sọ lójú oníbàárà lọ. Ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún torí ìwọ lo ni ín, bóyá kò sì sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún ẹ rí.

Saturday, 4 March 2023. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìlú ṣe rí nígbà yẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ owó ní Nàìjíríà, 200, 500 àti 1,000, wọ́n ní èyí tó wà lọ́wọ́ wa ò ní jẹ́ owó mọ́, tuntun tí wọ́n ṣe ò sì délẹ̀. Owó wà lákáǹtì, kò sí lápò. Àwọn èèyàn ń gbé ẹní lọ sí iwájú báńkì lóru láti tò sórí láìnì ATM, tílẹ̀ bá mọ́ tán wọ́n á ní owó ò sí. Àwọn oní-POS wá sọ owó di ọjà, tó o bá fẹ́ gba 5,000 wàá fi iye tó ń dunni kún un. Epo bẹńtiróòlù náà ò sí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò ààrẹ lọ́jọ́ 25 February, ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ṣì gbóná lẹ́nu, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ò kíra wọn. Èmi fúnra mi, Wednesday ọ̀sẹ̀ yẹn ni oníbàárà kan tránsífà 35,000 fún mi, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ tiẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ tèmi, mo lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀mejì wọn ò jẹ́ kí n wọlé, èrò ti kún bo géètì. Mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí a jẹ lọ́jọ́ Thursday.

Friday, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Àbújá dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di 31 December. Inú mi dùn! Mo ní ẹgbẹ̀rún kan náírà àtijọ́ kan tí mo ká sínú ìwé Bíbélì, mo yọ ọ́ síta láàárọ̀ Saturday, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá elẹ́wà àgànyìn. Ó wò ó lọ́tùn-ún lósì, ó dá a padà fún mi. Ó ní òun náà gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ò ní bá òun lọ ra ẹ̀wà lọ́jà. Mi ò lè bá a jà, òótọ́ ló sọ.

Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ tí mo lọ sí viewing center Alhaji. Tí o ò bá tíì dé irú ẹ̀ rí, páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn bẹ́ǹṣì pákó tí ìdí ti dán, tẹlifíṣọ̀n méjì lókè, fáànù kan tó jẹ́ pé iwájú nìkan ló ń fẹ́ sí. Igba náírà ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó ní igba náírà, Alhaji wá ra ìwé ọmọ iléèwé kan, ìwé olójú ewé 60, ó ń kọ orúkọ wa síbẹ̀ pẹ̀lú déètì, ó ní tówó bá jáde a máa san án. Tó o bá ṣí ìwé yẹn wàá ríi tí orúkọ tò sílẹ̀ ràgàjì, bírò búlúù, Bàbá Sọ̀dọ́, Tísà, Alumíní. Èmi ni Alumíní. Ojú ń tì mí díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọ ọ́, àgbàlagbà bíi tèmi, nítorí igba náírà.

City ti gbá bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti na Newcastle ní méjì sí òdo, àlàfo tí a fi wà níwájú wọn lókè tábìlì ti di póìntì méjì péré. A ò bẹ̀rù. Bournemouth ni wọ́n ń bọ̀ wá bá wa ní Emirates, pápá wa, ìsàlẹ̀ tábìlì ni wọ́n wà, wọ́n ti jẹ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ Liverpool níbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn, àwa náà sì ti lọ na wọ́n ní mẹ́ta nílé wọn ní August. Gbogbo wa ti ń ṣírò góòlù.

Mi ò tíì jókòó tán, Reiss. Mo ṣì ń fa ṣòkòtò mi sókè kí n tó jókòó ni Bournemouth ti gbá góòlù wọlé wa, ilé dákẹ́. Wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 9.11 ni, pé nínú gbogbo ìtàn Premier League ẹyọ kan ṣoṣo ló yá ju ìyẹn lọ, ti Shane Long. Wọ́n kó èèyàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá a gùn, ọmọ Burkina Faso yẹn, Ouattara, fi í sáàárín, Billing dá wà, ó kàn tì í wọlé ni. Èèyàn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé àwòtúnwò àná ni wọ́n ń ṣe.

Mi ò ní pẹ́ lórí ààbọ̀ àkọ́kọ́. Trossard fara pa, Smith Rowe wọlé, a gbá a, a gbá a, kò wọlé. Hàfù táìmù, epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ tán. Alhaji jáde lọ sídìí ọ̀kadà ẹ̀, ó ki rọ́bà sínú táǹkì, ó fi ẹnu fà á, ó tu èyí tó wọ ẹnu ẹ̀ sílẹ̀, ó da ìyókù sínú jẹnẹrétọ̀. Epo tó yẹ kó fi gbéṣẹ́ lọ́jọ́ kejì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ti sanwó fún un nínú gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀. Ó nu ẹnu, ó ní ká dákẹ́, ká fara balẹ̀, a máa borí. Mo wo ojú ẹ̀, ó dá a lójú.

Ìṣẹ́jú 57, kọ́nà, Senesi, orí. Méjì sí òdo.

Ṣé o mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń sọ? Kì í ṣe pé èèyàn ò sọ̀rọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá mú lẹ́tà wá látilé ìwòsàn. Àwọn mẹ́ta dìde lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ wẹ́dà dìde, ó ní ẹnì kan ti pe òun pé ATM kan lójú títì ti ń pọ owó, pé ó sàn kóun lọ tò ju kóun jókòó síbí kí ẹ̀jẹ̀ ru sóun lára. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e gan-an, mo ti dìde ẹsẹ̀ kan, Partey ló dá mi padà, ìṣẹ́jú 62, kọ́nà tí Smith Rowe fi orí dá padà fún un.

Nígbà tí wọ́n wá gbé nọ́ńbà sókè tí mo rí 24, nọ́ńbà tìẹ, jẹ́ kí n má purọ́ fún ẹ, àwọn kan pòṣé. Wọ́n ní ta nìyẹn, wọ́n ní Arteta, kóòṣì wa, ò ní èèyàn mọ́. Mo bá wọn jà. Mo ní ọmọ yìí kọ́ ló wọlé fún Saka nígbà tí Nottingham Forest ṣe é léṣe ní October, tó gbá méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan? Ẹ ti gbàgbé ni? Wọ́n ti gbàgbé lóòótọ́. Èèyàn tí kì í gbá, kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé ẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà ní Arsenal, wọ́n ti yá ẹ fún Hoffenheim, wọ́n ti yá ẹ fún Feyenoord, o padà wá, o jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tẹ́ ẹ jọ dàgbà ní Hale End, iléèwé bọ́ọ̀lù Arsenal, ti di ìràwọ̀ níṣojú ẹ. Èmi tí mo jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí iṣẹ́ bá dá. Ọwọ́ máa ń le. Téèyàn bá lo oṣù méjì láìgé gíláàsì, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá tún gbé dáyámọ́ńdì, ọwọ́ á gbọ̀n, gíláàsì á fọ́. Ìwọ wọlé, bọ́ọ̀lù tó o kọ́kọ́ rí níbi tó ṣe gúnmọ́, o fi í sáàárín, Ben White dé ibẹ̀. Aṣọ́lé wọn, Neto, gbé e jáde, a ti di orí mú, ni aago ọwọ́ rẹfirí bá dún pé ó ti kọjá ìlà. Góòlù àkọ́kọ́ tí White máa gbá fún Arsenal nìyẹn, ìwọ lo fún un. Ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n.

Àwọn tó pòṣé yìí náà ni wọ́n wá ń lu orúkọ ẹ lórí páànù.

Ìṣẹ́jú 70 nìyẹn o. Èyí tó kù lẹ́yìn ẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún ìwọ tó o wà nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò kúrò níwájú ilé Bournemouth mọ́, gbogbo wọn padà sẹ́yìn, wọ́n ń fi ara dí i, wọ́n ń fi orí dí i, mo sì fún wọn ní ti wọn torí wọ́n jà, èèyàn tó ń jà kó má bàa já sísàlẹ̀, bó ṣe yẹ kó jà nìyẹn. Ìyá tó ń ta puff-puff lẹ́nu ọ̀nà ti gbé páànù ẹ̀ kúrò lórí iná, ó wọlé, ó dúró tòun ti ṣíbí tó fi ń dín in lọ́wọ́. Bukayo Saka ń gbé bọ́ọ̀lù wọlé lọ́tùn-ún, wọ́n á gbá a ṣubú, á dìde. Orúkọ ọmọ yẹn, èyí tí èmi ń pè nílé, ó ní bù kún ayọ̀, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ìyá oní-puff-puff ń pariwo ẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, "Bùkáyọ̀! Bùkáyọ̀! Bù kún un!" Kò mọ ọ́fsáìdì, kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ohun tó mọ̀ ni pé orúkọ ọmọ Yorùbá wà lẹ́yìn jẹ́sì.

Wọ́n fi àfikún sí i, àfikún náà sì ti ń tán. Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́. Kọ́nà. Wọ́n gbé e wá, ẹnì kan nínú wọn fi orí lé e jáde, bọ́ọ̀lù náà wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ níta àpótí iwájú góòlù. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé èmi ti mọ̀ kó o tó gbá a. Kì í ṣe àsọdùn. Mo rí i pé o ò kánjú. Èèyàn mìíràn, ní ìṣẹ́jú 97, pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, á kàn gbá a lọ sọ́run ni. Ìwọ gbà á ná, o tò ó sílẹ̀, o sì wá fi ẹsẹ̀ òsì kọlù ú, òsì o, ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tìẹ, ó gba àárín gbogbo èrò yẹn kọjá. Mo rí nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò rí nǹkan kan mọ́ torí bẹ́ǹṣì tí mo wà lórí ẹ̀ ti dà wó, mo wà nílẹ̀, ẹnì kan wà lórí mi, ẹnì kan tún wà lórí onítọ̀hún, mo sì ń sunkún. Tísà tí a ò kíra wa látọjọ́ ìbò, a ò tiẹ̀ rántí, ó gbá mi mọ́ra, irun àgbọ̀n ẹ̀ ń gún mi lójú. Ìyá oní-puff-puff ń jó lójú kan náà, ṣíbí lókè.

Ọ̀rẹ́ mi wẹ́dà sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé láti orí láìnì ATM lòun ti gbọ́ ariwo, pé ó gba àdúgbò kan dé èkejì bí iná tó ràn, gbogbo láìnì ló sì hó pẹ̀lú wọn láìtíì rí i, àwọn tó ti ń bá ara wọn jà látàárọ̀ nítorí ta ló ṣáájú. Owó ò kàn án títí ATM fi dákẹ́. Ó ní kò dun òun tó bó ṣe yẹ kó dùn òun.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi. Mo wo Liverpool tó di méjì-méjì, mo wo West Ham tó di méjì-méjì, Bukayo gbá penárítì síta, mo wo Southampton tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó wá bá wa nílé, mẹ́ta-mẹ́ta, a tún sáré lépa níjọ́ yẹn náà, a dá méjì padà lópin ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ò wá. Mo wo City tó na wá ní mẹ́rin sí ẹyọ kan ní Manchester. 248 ọjọ́ la fi wà lókè tábìlì, City wá fi póìntì 89 gbà á, tiwa jẹ́ 84. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Àwọn kan tún sọ pé a yọ̀ jù lọ́jọ́ Bournemouth yẹn, pé èèyàn tí ò tíì gba ife kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀, Arteta ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bí ọmọdé. Mo fẹ́ bi wọ́n pé ìgbà wo ló yẹ ká wá yọ̀? Ṣé ká máa ka inú dídùn mọ́ra bí owó àtijọ́ ni, ká máa dúró de ìgbà tí wọ́n bá kéde pé ó ti tó láti ná? Mo ti rí owó tí wọ́n kà mọ́ra. Mo ti rí bí wọ́n ṣe dá a padà fún mi níbi ẹ̀wà.

Wọ́n yá ẹ fún Fulham ní 2024, mo wò ẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sígbà tí wọ́n gbé ẹ wọlé tí mi ò rọra dìde díẹ̀ lórí ìjókòó. Ara ló mọ̀.

Nísinsìnyí, èsì tí mo fẹ́ fún ọmọ City yẹn. Nígbà tí gbogbo wa ti jáde lọ́jọ́ náà, tí jẹnẹrétọ̀ ti kú nítorí epo ti tán lóòótọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo padà wọlé láti lọ mú bàtà mi ẹsẹ̀ kan tó ti sọnù lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo bá Alhaji níbi tábìlì ẹnu ọ̀nà, ó fi fóònù tànmọ́lẹ̀ sórí ìwé gbèsè yẹn. Mo rò pé ó ń ṣírò wa ni. Mo ní Alhaji, ẹ má bínú, tí tránsífà mi bá ti wọlé Monday màá san gbogbo tèmi. Kò dá mi lóhùn. Ó fi rúlà lélẹ̀, ó fa ìlà gbọrọ kan já gbogbo orúkọ ọjọ́ yẹn kọjá látòkè délẹ̀, orúkọ mi ìkejìlá nínú wọn, ó wá kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ ẹ̀, ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi kí n kà á.

4/3/23. Reiss ti san.

Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lánàá kó jẹ́ kí n ya fọ́tò ojú ewé yẹn, ó gbà. Mo máa fi ránṣẹ́ sí ẹ tí mo bá mọ ibi tí mo lè fi í sí.

Èmi ni,
Alumíní, Àpátá, Ìbàdàn.